Ibi Olú Màmá Aune

Ẹjọ́ tó dé gbọ̀ngán abúlé Koivuperä lánàá, ẹjọ́ olú ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Màmá Aune Räsänen ló pe Jarkko, ọmọ aládùúgbò rẹ̀, síwájú Olórí Tenhunen àti ìgbìmọ̀ abúlé. Màmá tó pẹjọ́ gan-an ló pẹ́ jù dé. Ó ti apẹ̀rẹ̀ kan tó fi aṣọ bò sábẹ́ àga, ó gba kọfí, ó sì dìde.

"Olórí, ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi máa kú ló tó fi ibi tí olú aláwọ̀ wúrà ń hù hàn mí. Ọkọ mi lọ sọ́run, kò mọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, mo bá mọ́tò mọ́kànlá níbẹ̀."

"Ta ló júwe ibẹ̀ fún wọn?"

"Áàpù Jarkko ni. Ó ní ká gbé e sórí fóònù ká má baà sọnù nínú igbó. Kò sọ fún wa pé ibi téèyàn bá ti dúró pẹ́, áàpù á fi àmì pupa sí i kí gbogbo ayé lè rí i."

Inú Aune bàjẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Olú kan ṣoṣo ò ṣẹ́kù síbẹ̀.

Jarkko gbọn kóòtù rẹ̀. "Olórí, ta ló ni igbó ilẹ̀ yìí? Gbogbo wa ni. Ibi tó bá wu èèyàn ló ti lè ṣa olú. Ṣé igbó á wá jẹ́ ti gbogbo wa, kí ìmọ̀ nípa ẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan? Èmi ò fi nǹkan kan pamọ́. Kóòdù tí mo fi ṣe áàpù náà gan-an, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tó ń tẹ̀ lé, mo gbé e síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Ó yẹ kí Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

"Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́," Aune dáhùn.

Olórí pe ẹlẹ́rìí. Veikko tó ń tún katakata ṣe ló kọ́kọ́ dìde.

"Mi ò débẹ̀ rí láyé mi."

"Báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí?"

"Ó rọ̀ gan-an, Olórí. Bàtà mi ọ̀tún ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ńlá yẹn."

Sirkka apínlẹ́tà fò dìde. "Irọ́ ló ń pa. Mo rí i níbẹ̀ pẹ̀lú korobá méjì."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo wá débẹ̀?"

"Ajá mi ni mò ń wá."

"O ò lájá, Sirkka."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i."

Kọfí pa Olórí lórí. Nígbà tó mí tán, ó kọjú sí Aune. "Màmá, òfin wà lẹ́yìn ọmọ yìí. Igbó ò nílẹ̀kùn."

Aune mú ìwé pélébé kan jáde. "Jarkko, o ní ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ. Èmi náà ńkọ́?"

Jarkko rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, tó bá yé yín."

"Wọ́n fi kóòdù kíkà kọ́ àwa àgbà nílé ìkàwé lésìí, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kà á. Ní ìlà irínwó ó lé méjì, o kọ ọ́ pé kí áàpù má fi àmì sí ibì kan báyìí láéláé. O sì kọ nọ́ńbà tó júwe ibẹ̀, kó má baà ṣì í."

Jarkko ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ibi olú bàbá àgbà mi ni," ó ní.

"Ṣebí o ò fi nǹkan kan pamọ́?" Olórí bi í.

"Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa kà á ni."

"Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ìdájọ́ mi rèé. Pa àmì Màmá rẹ́ lónìí. Ìlà irínwó ó lé méjì kò gbọdọ̀ kúrò níta títí yìnyín á fi bọ́, torí ìwọ lo ní kí gbogbo wa kà á. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwọ lo ó máa gbé apẹ̀rẹ̀ Màmá. Ẹjọ́ tán." Ó ti ń wọ bàtà òjò kó tó sọ̀rọ̀ náà tán.

Ni àga bá ń ṣubú. Olórí, ìgbìmọ̀, Veikko, Sirkka, gbogbo wọn ń tẹ nọ́ńbà ìlà náà sórí fóònù, wọ́n ń du ẹnu ọ̀nà. Jarkko nìkan ni ò lè sáré, ìdájọ́ ti dè é mọ́lẹ̀.

Aune rọra mu kọfí rẹ̀ tán. Jarkko bẹ̀rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀, ó wúwo, ó bá ṣí aṣọ. Olú aláwọ̀ wúrà kún un dẹ́nu.

"Rọra gbé e, ọmọ mi, màá sè nínú ẹ̀ fún ẹ," Aune ní. "Ibi tí ìlà irínwó ó lé méjì júwe jìnnà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ dé."