Edé Ta Ló Jẹun Nínú Adágún Daeng Kebo?

Ẹjọ́ kan balẹ̀ sí abẹ́ ilé onígi orí òpó Karaeng Tompo, baálẹ̀ wa létíkun Makassar, kí kọfí àárọ̀ rẹ̀ tó tutù lánàá. Daeng Kebo gbé abọ́ edé kan síwájú Karaeng àtàwọn àgbà. Àmì funfun ti bo edé náà lẹ́yìn. Adágún kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú ni wọ́n ti ń kú, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gan-an.

"Karaeng, ọjọ́ mẹ́rin ni aládùúgbò mi ò fi bọ́ edé rẹ̀. Ebi lé wọn fo bèbè wá sínú adágún mi, wọ́n jẹ oúnjẹ edé mi, wọ́n sì kó àrùn ràn wọ́n."

Daeng Rurung, aládùúgbò náà, dìde. Ọ̀lẹ ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Lóòótọ́ ni wọ́n fò, Karaeng. Àmọ́ kì í ṣe edé mi."

"Edé ta wá ni?" Karaeng bi í.

"Ti fáírọ́ọ̀sì."

Ó ní tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọlọ́sìn edé ló sọ pé tí fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò àrùn yẹn, bá ti wọ ara edé, ara náà á pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì. Á máa jó ṣúgà inú rẹ̀ láìsinmi, á sì máa fi ọ̀rá rẹ̀ mọ ọmọ rẹpẹtẹ fún àlejò náà.

"Ni mo bá ní mi ò bọ́ ọmọ olè mọ́. Fáírọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́."

Àgbà kan béèrè ilé fáírọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè ránṣẹ́ sí i.

Wọ́n pe Daeng Bollo, ìyàwó Rurung. Ó ní ojoojúmọ́ lọkọ òun ń bọ́ edé. Rurung ní irọ́ ni, òun ò bọ́ wọn rárá.

"Kí lẹ jẹ níjẹta?" Karaeng bi ìyàwó náà.

"Ìrẹsì àti edé díndín."

"Edé ta?"

"Edé wa ni, Karaeng."

Karaeng mu kọfí rẹ̀ tán.

"Rurung, mo gba àlàyé rẹ. O ní ẹni tó wọlé tó gba ilé ìdáná ló ni ilé. Láti òní, Daeng Kebo á kó wọ ilé rẹ. Òun ló ni ṣúgà rẹ, òun ló ni òróró rẹ. Ìwọ lo máa máa dáná fún un, títí edé á fi kún adágún rẹ̀ padà."

"Ó dáa, Karaeng. Obìnrin kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ jẹ?"

"Ṣé fáírọ́ọ̀sì máa ń dá wá ni?"

Daeng Kebo ti ń ka ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ mọ́kàndínlógún sórí ìka. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí edé rẹ̀ ti ń kú.

Rurung wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé edé òun ni. Karaeng ní òun ti gbọ́, àmọ́ kó yáa lọ gbé omi kaná, torí àwọn ọmọ Daeng Kebo ti ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.