Ìṣísẹ̀ Mẹ́ta Tí Kò Ní Olóyè

Nígbà tí ẹranko ń jẹ oyè, tí oyè kò tíì máa jẹ ẹranko, Kìnnìún, ọba igbó Elégbèje, ṣe ẹ̀rọ omi kan. Bí mo ṣe ní ó ṣe é yìí, ẹ má bi mí léèrè ẹni tó ru òkúta. Oṣù mẹ́fà gbáko ni Ẹtu, Ìgbín àti àwọn mẹ̀kúnnù yòókù fi rù ú. Kìnnìún náà fi oṣù mẹ́fà wò wọ́n, ó sì rẹ̀ ẹ́ gan-an.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà pín sí. Àgbá kẹ̀kẹ́ kan wà nísàlẹ̀ òkè tí ń bu omi láti inú odò ńlá, níbi tí ọ̀nì kì í jẹ́ kí mẹ̀kúnnù mumi. Ìkookò, ọ̀rẹ́ ọba, ló ni ìyẹn. Páìpù gígùn tí yóò gbé omi gòkè jẹ́ ti Òkété, nítorí ó mọ ilẹ̀ gbẹ́. Ẹnu ẹ̀rọ tó wà ní ààfin lókè bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀bọ, nítorí pé Ọ̀bọ ní ọwọ́.

Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Olóyè kan kò gbọdọ̀ fojú kan ìpín olóyè mìíràn. Bí yóò bá gba ibẹ̀ kọjá, àfi kó dijú. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Lójú mi báyìí ni Ìkookò ṣe forí sọ igi ìrókò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí ọ̀wọ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ọba ti pàṣẹ pé bí ẹ̀rọ bá ti yege, kí wọ́n fi òkúta dí odò kékeré tí mẹ̀kúnnù ń mu, nítorí ìlú tó lajú kì í ní ibi méjì tí wọ́n ti ń pọnmi. Ẹtu ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Bí kò bá rómi mu, ọyàn rẹ̀ á gbẹ, àwọn ọmọ á sì kú.

"Ìkookò, ìpín rẹ ńkọ́?" ni Kìnnìún bi í.

"Kábíyèsí, kẹ̀kẹ́ ń yí! Mo wò ó títí òòyì fi kọ́ mi. Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!"

"Òkété?"

"Kádé pẹ́ lórí. Páìpù mi kò lu, kò dógùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn sínú rẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń yí, ara mi sì gbẹ táútáú. Ọgọ́rùn-ún!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ọ̀bọ?"

"Kábíyèsí, ẹnu ẹ̀rọ tèmi kì í jò. Láti oṣù kan, omi kò kán sílẹ̀ rí. Ọgọ́rùn-ún!"

"Kò fomi ṣòfò!" Omijé ayọ̀ bọ́ lójú ọba. Ìyẹn sì ni omi àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà mú jáde.

Ẹtu kúnlẹ̀. "Ikú bàbá yèyé, ẹ foríjì mí. Ta ló ti mumi níbẹ̀?"

Ìkookò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Ìbejì, ìpín ta ni mímu?"

Wọ́n wá inú oyè títí, kò sí olóyè tí mímu omi jẹ́ ìpín rẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó. Ọ̀bọ fi ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ ṣírò máàkì: ọ̀ọ́dúnrún nínú ọgọ́rùn-ún! Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; àwọn olóyè sọ̀yà títí àyà fi ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n dí odò kékeré pa.

Ọ̀bọ wá ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ ló jáde, fíìì! Kìnnìún gbé ife sẹ́nu, ó wo àwọn olóyè, àwọn náà wò ó. Ta ni yóò bá ọ̀ọ́dúnrún jiyàn?

"Ó tutù," ni ọba wí.

Gbogbo wọn mu afẹ́fẹ́ yó, wọ́n sì gùnfẹ̀.

Ẹtu kó ọmọ méjèèjì, ó tọ ẹ̀gbẹ́ páìpù sọ̀ kalẹ̀. Kò joyè, nítorí náà ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Ó dé ìsàlẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ ń yí lóòótọ́, ó ń da omi, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i ni páìpù ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìpín Ìkookò parí sí ló ti ń dijú. Ibi tí ti Òkété ti bẹ̀rẹ̀ ni òun náà ti ń dijú. Láàárín méjèèjì, omi ti di adágún tó mọ́ gaara. Ẹtu mu, ọyàn rẹ̀ kún. Ó ránṣẹ́ pe Ìgbín àti gbogbo mẹ̀kúnnù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ètè ọba ti sán. Ó rí Ẹtu tí omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Níbo lo ti rí i?"

"Níbi tí kò ní olóyè ni, Kábíyèsí."

Wọ́n gbéra tẹ̀lé Ẹtu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn olóyè dijú. Kìnnìún náà dijú, kó má baà dà bí ẹni pé ó ń ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù: gbàmù ni gbogbo wọn já sínú adágún! Wọ́n mu ún lẹ́nu, wọ́n mu ún nímú. Kìnnìún yọrí tòun ti ẹrẹ̀.

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́! Ẹ fi ọgọ́rùn-ún kún un, ó di irinwó! Ẹtu, ìwọ ni mo fi joyè ibí yìí."

Ẹtu wo àwọn ọmọ rẹ̀. "Kábíyèsí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá joyè, mo gbọ́dọ̀ máa dijú. Ta ni yóò wá máa wá omi fún wọn?"

"Òótọ́ lo sọ," ni ọba wí. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé lọ ṣàjọyọ̀ irinwó.

Àwọn olóyè tún dijú, wọ́n ń gòkè lọ. Ẹtu ń fún ọmọ lọ́yàn lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró kan lókè: gbì! Ìkookò ló tún ń bọ̀wọ̀ fún ìrókò.