Ọjọ́ Tí Mo Fi Fóònù Pa Bàbá Ìbejì

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ tí mo gbé olóògbé sẹ́yìn ọ̀kadà, tó ń bú mi láti Igbó-Ọrà títí dé Èrúwà, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà ni mo sì pa á. Fóònù ni mo fi pa á.

Láyé ìgbà tí mo ń kọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn kan n'Íbàdàn, inú àpòòwé ni mo máa ń kó ìròyìn sí, màá fi rán awakọ̀. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, tí ìwé ìròyìn náà kógbá sílé, mo dá ojú ìwé tèmi sílẹ̀ lórí Fesibúùkù. Mo di akọ̀ròyìn, mo di olóòtú, mo di atẹ̀wé, gbogbo rẹ̀ nínú fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí ni pé arábìnrin kan ní Ayétẹ̀ máa ń gbé ìròyìn jáde ṣáájú mi. Mo ti pinnu pé n ó ṣáájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ohun yòówù kó gbà mí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ìròyìn wọlé sórí Wásáàpù àwọn ará àdúgbò pé Bàbá Ìbejì ti jáde láyé, aago méjì ọ̀sán ni wọn yóò sin wọ́n. Ẹni tó bá mọ Igbó-Ọrà á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí bí èèyàn bá pe Bàbá Ìbejì lọ́jà wa, ọkùnrin bí ogún ló máa dáhùn. Ẹyọ kan péré ló wá sí mi lọ́kàn, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tí òpópónà mẹ́ta wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi. Mo ní fọ́tò wọn níbi tí wọ́n ti di àgbò Iléyá mú níwo. Mo kọ ọ́ pé ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ ní Ìbàràpá, mo tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kò tó wákàtí kan, Inna lillahi ti kún abẹ́ fọ́tò náà. Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi ń dùn. Ìgbà náà ni Bàbá Ìbejì fúnra wọn wọlé, ọkọ́ léjìká.

"Wọ́n ní mo ti kú," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo sọ ọ́?"

"Bàbá, ẹ má bínú, màá yọ ọ́ kúrò."

"Yọ kí ni? Kẹ́hìndé ọmọ mi ti rí i n'Íbàdàn, ó ti wọkọ̀ kó lè bá ìsìnkú mi. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, dókítà ní kó má dìde. Ó gbàgbé fóònù sílé. Ọkọ ẹ̀ ló pe fóònù mi, ó rò pé ará ilé ló gbé e, ó ń kí mi kú ọ̀fọ̀ ara mi."

Mo yọ ọ́ kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti gbé e kiri, arábìnrin Ayétẹ̀ pàápàá ti gbé e. Mo wá pinnu pé gáráàjì Èrúwà ni n ó ti pàdé ọkọ̀ Ìbàdàn, kí ọmọ lè fojú rí bàbá rẹ̀ láàyè kó tó dé àárín àwọn tó ń sunkún. Mo ní kí bàbá gun ọ̀kadà mi.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ẹni tó kú nílùú kan, tí wọ́n wá rí nílùú mìíràn, kí là ń pè é? Mo gbàgbé, àwọn ará gáráàjì ò gbàgbé. Obìnrin tó ń ta ẹ̀pà wo fóònù rẹ̀, ó wo ojú bàbá, ó rọra ní, "Àkúdàáyà rèé o," ó sì fi ẹ̀pà sílẹ̀. Kíá ni gáráàjì dá páropáro. Dírẹ́bà kan ti ara rẹ̀ mọ́ inú bọ́ọ̀sì, ó ń bi mí láti ojú fèrèsé pé, "Ìwọ tó o gbé wọn wá, ṣé ìwọ náà ti kú ni?" Mo ní mi ò tíì kú. Ó ní kí n má sún mọ́ òun síbẹ̀síbẹ̀.

Àsìkò yẹn ni bọ́ọ̀sì Ìbàdàn dé. Kẹ́hìndé sọ̀ kalẹ̀, ó rí bàbá rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí obìnrin yìí bá ṣubú, kò sí ohun tí mo lè yọ kúrò mọ́. Bàbá ò sún mọ́ ọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a wí.

"Dókítà ní kí o dùbúlẹ̀. Kí lo wá ń ṣe lójú títì? Agídí ìyá ẹ náà ni?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Bàbá mi ni," ó ní, ó sì lọ gbórí lé èjìká wọn.

Nígbà tó nu ojú tán, ó yíjú sí mi. Kò bú mi. "Òpópónà mẹ́ta péré ni," ó ní. "Ẹ ò lè rìn wá wò ó?"

Nírọ̀lẹ́, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Bàbá Ìbejì tó kú gan-an. Mo bá ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin. Àwọn tó kù ti lọ kẹ́dùn nílé ẹlòmíràn nítorí mi. Ojú tì mí. Mo tọrọ àforíjì, mo béèrè orúkọ olóògbé ní kíkún àti agboolé rẹ̀, kí n tó fọwọ́ kan fóònù.

Mi ò fi ojú ìwé mi sílẹ̀, n ò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ mi ló ń kọ́kọ́ dé ibi ìròyìn kí ìka mi tó dé ojú fóònù. Arábìnrin Ayétẹ̀ ṣì ń ṣáájú mi, kó máa ṣáájú lọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ìbejì pè mí. "Kẹ́hìndé ti bímọ. Má kọ nǹkan kan o. Wá kà wọ́n fúnra ẹ."

Méjì ni wọ́n. Ẹ̀rín ara mi ń pa mí, síbẹ̀ mo tún wọn kà.