Ohun Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì ní Ìlú Ọ̀nàdára

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo Ọ̀nàdára, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o!

Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró. Ẹni tó ń wakọ̀, kó yọ ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ẹni tó ń gbàdúrà, kó ṣe àmín ná kó tó padà síbẹ̀. Ọlọ́run yóò dúró dè é. Èmi Bámikólé akéde ni mo dé.

Kábíyèsí Olọ́nàdára ló rán mi. Aláṣẹ, èkejì iná mànàmáná. Ọba tó ni kọ̀ǹpútà, tó ni pálọ̀ tí kọ̀ǹpútà wà, tó ni ògiri tí wáyà rẹ̀ bọ̀ sí. Ó fa wáyà yọ, ilẹ̀ ìlú ṣú. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ilẹ̀ ìlú mọ́. Kí adé pẹ́ lórí, kí wáyà pẹ́ nínú ògiri. Àmín.

Nítorí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìlú Ọ̀nàdára kò sí lórí ilẹ̀. Inú eré kọ̀ǹpútà ló wà. Àwọn tó ń kọ́ ọ, àgbà tó níṣẹ́ tó ní ìdílé ni wọ́n, kálukú láti ilé rẹ̀. Wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń kó ọkọ̀ sí i, ọkọ̀ ń gbé èrò àti ẹrù fúnra rẹ̀. Ohun tí eré náà kò bá ní, wọn a fọwọ́ ara wọn yà á, wọn a gbé e wọlé. Òun là ń pè ní àfikún. Àfikún ni èmi náà. Ẹni tó yà mí gbàgbé bàtà. Àfikún ló mú ìlú yìí dùn. Àfikún náà ló fẹ́ pa á.

Ìdí ni pé ẹni tó bá gbé àfikún wọlé gbọ́dọ̀ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti irú ọ̀nà tó lè gbà. Kálukú sì ń sọ ohun tó wù ú. Ọ̀nà tí ẹnìkan pè ní títì ńlá, ẹlòmíì pè é ní ọ̀nà oko. Ọ̀gbẹ́ni kan pe tirẹ̀ ní Ọ̀nà Ilé Àna Mi, kò sì sí ọkọ̀ kankan tó gbà pé òun lè gba ibẹ̀. Gbóyèga, olùkọ́ ìṣirò, ya tánkà epo, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kadà ni. Ẹ̀rọ tó ń darí eré gbà á gbọ́. Tánkà epo gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé ààfin, ó wọ ilé ìdáná ayaba. Ìgbà méje, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó fẹ́ di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, Kábíyèsí bojú wo wáyà.

Ni àwọn tó ń kọ́ ìlú bá yan Ìgbìmọ̀ Ìtò Ọ̀nà àti Ọkọ̀. Baba Láṣebìkan ni alága, àgbà awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbàdúrà ìparí, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín méjèèjì. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan ní kí wọ́n fi ìwúwo to ọkọ̀. Òmíràn ní kí wọ́n fi eré sísá tò ó. Baba Láṣebìkan wò wọ́n títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀kọ́ ilé dà? Ta ló yẹ kó kí ta? Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀."

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o! Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí rèé.

Àṣẹ kìíní. Ọ̀nà di mẹ́ta. Mẹ́ta ni. Ọ̀nà Àgbà, ìyẹn títì ọlọ́dà. Ọ̀nà Ọ̀dọ́, ìyẹn ọ̀nà eléruku. Ọ̀nà Ẹsẹ̀, ìyẹn èyí tó ṣẹ́kù. Ọ̀nà Ilé Àna Mi ti kú lónìí. Ẹni tó bá tún sọ ọ̀nà ní orúkọ tó wù ú, gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa gbé ìgbẹ́ adìẹ fún oṣù mẹ́ta.

Àṣẹ kejì. Ọkọ̀ di mẹ́rin. Baba, Ẹ̀gbọ́n, Àbúrò, Ọmọ Ọwọ́. Tírélà ni Baba. Tírélà, ẹlẹ́sẹ̀ méjìdínlógún tí kò fi ọ̀kan tiro. A-gbé-sìmẹ́ǹtì-bí-ẹni-gbé-òwú. A-dé-orí-òkè-mí-kanlẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló ṣe oríkì yìí, ó sì ní kí n kì í lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kì í lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fun ń dùn mí. Bọ́ọ̀sì ni Ẹ̀gbọ́n. Takisí ni Àbúrò. Ọ̀kadà ni Ọmọ Ọwọ́, kí Ọlọ́run bá wa wò ó dàgbà. Tánkà epo kì í ṣe ọ̀kadà. Gbóyèga, ṣé o gbọ́? Kì í ṣe ọ̀kadà.

Àṣẹ kẹta. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé ní oríta, èyí tó kéré yóò dúró, yóò fun fèrè kí àgbà. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí àgbà yóò fi dáhùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n kọ́kọ́ dán èyí wò, bọ́ọ̀sì méjì pàdé ní Oríta Ìrókò. Ẹ̀gbọ́n ni èyí, ẹ̀gbọ́n ni tọ̀hún. Wọ́n wo ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn wọlé, ọjọ́ kan náà ni, wákàtí kan náà. Kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ kí èkejì. Wọ́n wà níbẹ̀ di àárọ̀ òní. Àwọn èrò inú wọn ti ń béèrè ilẹ̀ tí wọ́n lè kọ́lé sí. Ìgbìmọ̀ ní àṣẹ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àṣẹ kẹrin. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ohun tí kò bá ní ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ o! Kì í ṣe Baba, kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe Àbúrò, kì í ṣe Ọmọ Ọwọ́. Àfikún tí kò bá sì ní ipò kankan, tí agogo bá ti lu méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ yóò pa á rẹ́. Kò ní sí ẹ̀bẹ̀. Kò ní sí ìrántí.

Àṣẹ yìí kan ènìyàn kan ju gbogbo ìlú lọ. Ṣíjúadé aránṣọ ni. Òun ló kọ́ àdúgbò Òkè-Àpáta, ogójì ilé, lọ́kọ̀ọ̀kan, fún odidi ọdún kan, ní gbogbo ìgbà tó bá dìde nídìí máṣìnnì ìránṣọ rẹ̀. Ó ta okùn sí ẹ̀yìn ilé kọ̀ọ̀kan, ó sá aṣọ sórí okùn. Kò sí ilé méjì tí aṣọ wọn jọra. Ọ̀nà Ẹsẹ̀ nìkan ló gun òkè náà. Tírélà kò lè gùn ún. Ọ̀kadà lè gùn ún, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì omi kan ṣoṣo ló lè gbé. Ohun tó ń gbé omi dé Òkè-Àpáta ni ọmọlanke tí Ṣíjúadé fọwọ́ ara rẹ̀ yà: táyà méjì, pákó mẹ́rin, kẹ́ẹ̀gì méjìlá, àti ọkùnrin kan tó ń tì í láti ẹ̀yìn. Nínú eré yìí, bí omi kò bá dé ilé kan fún ọjọ́ méjì, àwọn ará ibẹ̀ yóò di ẹrù wọn, wọn yóò lọ. Wọn kì í padà. Ilé á di ahoro, aṣọ á wà lórí okùn.

Ṣíjúadé wá sí ìpàdé, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Baba, ẹ kàn bá mi kọ ọ́ mọ́ Ọmọ Ọwọ́. Mi ò béèrè àyè ńlá."

Baba Láṣebìkan ní, "Ọmọlanke kò ní fèrè, Ṣíjúadé. Báwo ló ṣe máa kí mi?"

Ó ní, "Ẹni tó ń tì í á kí yín, Baba. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Baba ní, "Fèrè ni mo sọ, mi ò sọ ẹnu. Dìde, máa lọ."

Kí n sọ òótọ́ níwájú Ọlọ́run: ẹ̀rọ omi wà ní òdì kejì Ọ̀nà Àgbà, ní ẹsẹ̀ òkè. Gbogbo ìgbà tí ọmọlanke bá fẹ́ sọdá lọ pọn omi, tírélà méjìlá tí Baba Láṣebìkan ní a máa tẹ bíréèkì fún un. Ó ti ń bí Baba nínú tipẹ́.

Àṣẹ karùn-ún. A lè fi kún àwọn àṣẹ wọ̀nyí. A kò gbọdọ̀ yọ nínú wọn fún ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá o! Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ nínú wọn, a kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà ìparí mọ́. Baba Láṣebìkan ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́, ẹnu ọ̀nà tí Ṣíjúadé gbà jáde ló ń wò.

Ibi tí ìkéde yìí ì bá parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lánàá, Ọjọ́bọ̀, Kábíyèsí ṣí eré láti wo ẹṣin rẹ̀, ẹṣin funfun tó máa ń gùn yí ìlú ká. Ó rí àmì pupa lórí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀sán ọ̀la ni ẹṣin yóò pa rẹ́. Kábíyèsí ní kí ìgbìmọ̀ wá ṣàlàyé. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní, "Kábíyèsí, ẹṣin yín kò ní ẹ́ńjìnnì ni." Kábíyèsí dìde, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ọwọ́ kan wáyà.

Ìgbìmọ̀ jókòó lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rántí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètè gbogbo wọn ń mì. Wọn kò lè yọ àṣẹ kẹrin. Àṣẹ karùn-ún ti dè wọ́n. Wọn kò lè kọ ọ́ pé ẹṣin Kábíyèsí nìkan ló wà fún. Ẹ̀rọ kò mọ ọba. Ohun mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n béèrè. Ṣé ó ní ẹ́ńjìnnì? Ṣé ó ń rìn lójú ọ̀nà? Ṣé ó gbé nǹkan? Nítorí náà, wọ́n fi ọ̀kan kún un.

Ẹ gbọ́ o! Àṣẹ kẹfà. Ipò karùn-ún ti wà. Orúkọ rẹ̀ ni Ọlọ́lá. Ọlọ́lá ni ohunkóhun tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó ń rìn lójú ọ̀nà, tó sì gbé nǹkan. Kì í ṣe ọkọ̀. Ó ju ọkọ̀ lọ. Kò sí ọ̀nà tí kò lè gbà. Kì í kí ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ yòówù tó bá rí Ọlọ́lá, ì báà jẹ́ Baba, yóò yà sẹ́bàá títì, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò sì dúró títí Ọlọ́lá yóò fi kọjá lọ kúrò lójú. Ọkọ̀ tó bá kọ̀ yóò di ilé adìẹ, ẹyin ni wọn yóò máa yé sínú rẹ̀. Baba Láṣebìkan ló kọ gbogbo rẹ̀, kí inú Kábíyèsí lè rọ̀. Òun ló kọ́kọ́ tẹ ìka sí i.

Lọ́sàn-án òní, agogo lu méjìlá. Ẹ̀rọ jáde láti wá àwọn tí yóò pa rẹ́. Ó bá ẹṣin funfun, ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta, ó kọ Ọlọ́lá sí i lórí. Ó gun Òkè-Àpáta, ó bá ọmọlanke. Ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ó kọ Ọlọ́lá sí i lórí.

Ṣíjúadé ní òun ti ká aṣọ ilé mẹ́sàn-án kúrò lórí okùn nígbà yẹn, kí wọ́n má baà ṣòfò. Ó tún ti ń sá wọn padà.

Ẹṣin Kábíyèsí gba Oríta Ìrókò kọjá. Bọ́ọ̀sì méjèèjì yà fún un, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Nígbà tí wọ́n máa tan ẹ́ńjìnnì padà, èyí kò dí tọ̀hún lọ́nà mọ́. Wọ́n lọ. Èrò méjì kò bá wọn lọ. Wọ́n ti rí ilẹ̀.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọlanke ti sọ̀ kalẹ̀ wá pọn omi. Tírélà méjìlá tó gbé sìmẹ́ǹtì to ara wọn sẹ́bàá títì ní ẹsẹ̀ òkè, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń ti ọmọlanke kò kánjú. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Baba Láṣebìkan pe Ṣíjúadé lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọmọlanke yín, kó jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì mi kọjá."

Ṣíjúadé ní, "Baba mi, ẹ kú ìnáwó fóònù. Ọmọlanke kì í kí ènìyàn mọ́, kò sì ní fèrè tó máa fi dá yín lóhùn. Ẹ ní sùúrù, ó ku ilé mọ́kànlélógún."

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó ń sùn. Ẹni tó ní ẹjọ́, kó padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí di ọjọ́ náà.

Èmi Bámikólé ń lọ sí àdúgbò tó kàn. Ojú ọ̀nà ni mo wà, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń rìn, iṣẹ́ ọba ni mo gbé. Mo ti wo ara mi láti òkè dé ilẹ̀: mi ò ní ẹ́ńjìnnì.

Ẹ yà fún mi o. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má fun fèrè títí n ó fi kọjá lọ kúrò lójú.