Òkú Tó Ń Fọṣọ Lẹ́yìn Bárékè

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tó jẹ́ pé imú ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́.

Ìyá Alágbàfọ̀ ló gbé e wá. Ilé rẹ̀ fara ti ògiri bárékè sójà, ó sì ti tó àádọ́ta ọdún tó ti ń fọ aṣọ aráàlú níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló ká sábẹ́ abíyá. Bó ṣe kúnlẹ̀, ó nà án sí ọba.

"Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò."

Kábíyèsí gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé e fún ìjòyè tó jókòó tì í, ìyẹn náà sáré gbé e fún ẹnì kejì. Kí ṣẹ́ẹ̀tì tó yípo tán, gbogbo ìgbìmọ̀ ti sún àga sẹ́yìn.

"Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ìyá?"

"Àárọ̀ yìí ni. Ìgbà kẹrin nìyẹn. Ti tíṣà ni. Ó ní òun ò gbà á mọ́, pé àwọn ọmọ iléèwé ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kábíyèsí, oníbàárà mẹ́ta péré ló kù fún mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní ọ̀fìnkìn. Ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn bá sàn, iṣẹ́ tán nìyẹn."

"Ta lẹ pè lẹ́jọ́?"

"Akọ̀wé káńsù ni."

Ta ni ò mọ akọ̀wé yìí? Lẹ́tà-ń-Bọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Bó o bá sọ fún un pé iná ń jó, á ní kó o fọkàn balẹ̀, lẹ́tà ń bọ̀. Ó dúró níwájú pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó gbé fáìlì mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Kí ló ṣe yín, ìyá?"

"Páìpù tó ń kó ẹ̀gbin bárékè, ẹ̀yìnkùlé mi ló gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀, ogójì sójà ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń fọ ṣòkòtò wọn, mo mọye wọn. Lónìí, ṣòkòtò tí wọ́n ń sá sórí okùn lé ní ẹgbẹ̀rún, páìpù ogójì èèyàn yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó bẹ́, mo bẹ Bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ǹtì dí i. Mo sun oorun ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, akọ̀wé ní kí wọ́n ṣí i padà."

Kábíyèsí yíjú sí akọ̀wé. "Ẹ̀gbin tí wọ́n ti dí, ìwọ lo ní kí wọ́n ṣí i?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ìfẹ́ ìlú ló mú mi ṣe é."

"Ìfẹ́ ìlú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Káńsù ti kọ̀wé sí ìjọba fún owó ìrànwọ́ tí a ó fi tún páìpù bárékè ṣe. Ìjọba ní àwọn á rán alábẹ̀wò wá wo bó ṣe burú tó. Bí wọ́n bá wá bá ilẹ̀ gbígbẹ ńkọ́? Wọ́n á ní irọ́ la pa. Ẹ̀gbin yẹn kì í ṣe ẹ̀gbin lásán, Kábíyèsí. Ẹ̀rí ni. Ṣe là ń tọ́jú ẹ̀."

"Ó tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú ẹ̀?"

"Oṣù mẹ́rìnlá péré."

Ìyá Alágbàfọ̀ wo kóòtù akọ̀wé. Nígbà tí akọ̀wé yìí wà lọ́mọ ọwọ́, òun ló ń fọ ìtẹ́dìí rẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

"Kábíyèsí," ó ní, "ẹ ní kó ka lẹ́tà ọ̀hún sétí ìgbìmọ̀."

Akọ̀wé ní lẹ́tà náà gùn. Kábíyèsí ní àwọn ò níbi tí àwọn ń lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí kà á.

"'A fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ fún yín pé ẹ̀gbin yìí ń yọ ẹgbàárùn-ún èèyàn lẹ́nu ládùúgbò náà…'"

"Ilé mélòó ló wà ládùúgbò yẹn?" ìjòyè kan bi í.

"Mẹ́sàn-án."

"Ẹgbàárùn-ún èèyàn nínú ilé mẹ́sàn-án?"

"Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, olóyè."

"Máa kà á lọ."

Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "'…àti pé ìyá àgbà kan, alágbàfọ̀, tí ilé rẹ̀ fara ti ògiri bárékè, ti tipa òórùn yìí kú.'"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Alágbàfọ̀. Òun náà wo ara rẹ̀ láti ọwọ́ dé ẹsẹ̀.

"Ẹ ẹ̀ wá rí i," ó ní. "Nígbà tí àwọn kan ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá wò ó bóyá ó yẹ kí alábẹ̀wò wá, akọ̀wé yìí tì mí mọ́ yàrá. Ó ní kí n má wúkọ́, pé òkú kì í wúkọ́."

"Akọ̀wé, kí ni ìyá yìí fi ṣe ọ́ tó o fi pa á?"

"Kábíyèsí, fọ́ọ̀mù ló bi wá pé èèyàn mélòó ló ti kú. Bí mo bá kọ òdo, ìlú tó ní òkú méjì ló máa gbowó náà mọ́ wa lọ́wọ́. Mo wò ó pé ìyá ti dàgbà, kò ní ká wọn lára."

Wọ́n pe Sájẹ́ǹtì bárékè láti jẹ́rìí.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀gbin yìí ti ń wá?"

"Àṣírí ológun nìyẹn, Kábíyèsí. Bí ọ̀tá bá mọ iye ẹ̀gbin wa, á mọ iye wa."

"Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́tàlélógún ni wọ́n," Ìyá Alágbàfọ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Ṣòkòtò ni mo kà."

Sájẹ́ǹtì yọ ìwé kékeré lápò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti ń wá iye yẹn tipẹ́.

"Ṣé ó ń rùn?"

"Kò rùn rárá. Bárékè wa mọ́ tónítóní."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ fọwọ́ sí lẹ́tà káńsù pé ó ń rùn?"

"Nínú ìwé, ó ń rùn, Kábíyèsí. Lójúde, kò rùn."

Ó kan Bíríkìlà.

"Ta ló dí ihò náà?"

"Èmi ni."

"Ta ló ṣí i?"

"Èmi náà ni. Ìyá ní kí n dí i, mo dí i. Akọ̀wé ní kí n ṣí i, mo ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tiẹ̀ ṣí i. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kò tíì rùn tó, pé kí n fẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," ni akọ̀wé wí. "Mo ní kó jẹ́ kó hàn díẹ̀ sí i ni."

Kábíyèsí fi ìka méjì mú ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà, ó dìde.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Èmi kọ́ ni n ó ba lẹ́tà ìlú jẹ́. Bí lẹ́tà bá ní ìyá yìí ti kú, ó ti kú. Ṣùgbọ́n òkú kì í fọṣọ. Akọ̀wé, ìwọ lo pa á, ìwọ lo máa jogún ẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ òní, yàrá ìyá lo ti máa sùn, ẹ̀yìnkùlé yẹn lo ti máa fọṣọ, orí ṣẹ́ẹ̀tì yìí lo ti máa bẹ̀rẹ̀. Wàá máa fọwọ́ ara rẹ tọ́jú ẹ̀rí ìlú títí owó ìrànwọ́ á fi dé. Ní ti òkú, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé, kó lọ máa sinmi. Fáànù wà níbẹ̀, àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òórùn kì í débẹ̀."

Akọ̀wé sún síwájú. "Kábíyèsí, ó lè tó ọdún márùn-ún kí owó náà tó dé."

"Fọkàn balẹ̀," ni Kábíyèsí wí. "Lẹ́tà ń bọ̀."

Akọ̀wé sùn sí yàrá ìyá mọ́jú. Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa: láàárọ̀ yìí, ó rántí pé páìpù tuntun ti wà ní sítọ́ọ̀ káńsù láti ọdún mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ló rù ú, òun ló ń po sìmẹ́ǹtì fún Bíríkìlà. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀yìnkùlé ti gbẹ, ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn.

Ó sáré gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́fíìsì ara rẹ̀.

"Ìyá, ó ti parí. Ẹ máa bọ̀ nílé. Mo ti kọ̀wé sí ìjọba pé ẹ ti jí."

Ìyá Alágbàfọ̀ fẹ̀yìn ti àga. Fáànù ń fẹ́ gèlè rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n òkú kì í dédé jí láìsí alábẹ̀wò tó wá wò ó. Jẹ́ kí wọ́n dé ná. Bó o bá ń jáde, pa ilẹ̀kùn dé, kí ooru má wọlé."