Mọ́tò Ló Húkọ́, Bàbá Ò Kú

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Òkè-Ìrókò lánàá, ó sùn síbẹ̀, àárọ̀ òní ló tó jáde. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n: àgbàlagbà kan gbé ara rẹ̀ wá síwájú Ọlọ́jà, ó ní kí wọ́n bá òun dá a lẹ́jọ́ pé òun wà láàyè.

Olóyè Bámigbóyè ni. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti di ẹni ilẹ̀, òun nìkan ló ń dá gúnyán, tó ń dá jẹ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, fìlà rẹ̀ já bọ́, kò tilẹ̀ ráyè mú un.

"Kábíyèsí, Dọ̀tun ló pa mí."

Ọlọ́jà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìgbà wo?"

"Ní Ọjọ́bọ̀, ní kùtùkùtù. Ìbọn òkú mẹ́ta ló yìn fún mi."

"Bámigbóyè, ṣé òkú ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?"

"Ohun tí wọ́n ń wí ní Ọ̀rùn nìyẹn, Kábíyèsí!"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Bámigbóyè ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ẹ ṣáà mọ Àríkẹ́, opó tó ń ta aṣọ ní ìlú Ọ̀rùn. Odidi ọdún kan ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà fún mi. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó wọ ulé mi. Ó ti ru ẹrù dé ìdí odò wa, ló bá gbọ́ gbà! gbò! gbàà! Ó bi àwọn tó ń lọ sóko pé ta ló kú. Wọ́n ní ìbọn mẹ́ta, àgbà tó joyè ni, ọ̀dọ̀ Bámigbóyè ló sì ti dún. Ó fi ẹkún padà sílé."

"O ò sì ránṣẹ́ sí i?"

"Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi lọ, Kábíyèsí! Wọ́n rí mi lókèèrè, wọ́n figbe ta: 'Àkúdàáyà dé o!' Gbogbo àdúgbò tilẹ̀kùn. Àríkẹ́ ń ké láti inú yàrá pé, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn ire o!' Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ní bí ọjọ́ ọjà bá pé, òun yóò fà á fún ọkùnrin mìíràn. Ọ̀túnla lọjọ́ ọjà."

Wọ́n pe Dọ̀tun síwájú. Ó ti gbé Èkó, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe báyìí ní Àkúrẹ́, ilé rẹ̀ sì kan ògiri ilé Bámigbóyè. Mọ́tò ìjàpá pupa kan ló ń gùn. Àwọn wẹ́dà ti bá a yọ sàlẹ́ńsà, irin tó ń gbé ohùn mọ́tò mì, wọ́n fi páìpù tó tó ẹnu ìkòkò rọ́pò rẹ̀.

"Dọ̀tun, o gbọ́ ohun tí wọ́n wí?"

"Kádé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Mọ́tò mi kì í pariwo. Ó ń kí ìlú káàárọ̀ ni."

"Ó ń ṣe kí ni?"

"Ó ń kí yín. Ọmọ tó bá jí tí kò kí àgbà, ẹ ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mọ́tò tèmi lẹ́kọ̀ọ́. Ọyẹ́ sì tún mú. Ta ni yóò sùn síta nínú ọyẹ́ tí kò ní húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bó bá jí?"

"Kí ló wá dé tí o yọ irin tó ń gbé ohùn rẹ̀ mì?"

Dọ̀tun họ orí. "Ọdún méje ni mo fi jìyà ní Èkó kí n tó ní mọ́tò. Tí mo bá gbé e wálé tí kò dún, ta ni yóò mọ̀?"

Àánú rẹ̀ fẹ́ẹ́ ṣe Bámigbóyè pàápàá. Ṣùgbọ́n ó rántí "ẹ sùn ire o" yẹn, inú tún bí i.

Ìyá Monísọ́lá, tó ń dín àkàrà ní ojúde wọn, ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. "Kábíyèsí, bí ààrá ló dún! Àkàrà tí mo fẹ́ dà sínú epo, orí ẹsẹ̀ mi ni mo dà á sí."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló dún?"

"Ẹ̀ẹ̀meje!"

"Bámigbóyè ní ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ó dúró lórí ẹ̀ẹ̀mẹta. Mẹ́rin yòókù, àyà mi ló ń já."

Tíṣà Ọlọ́runtọ́ba dìde, ó tún táì rẹ̀ so. "Irọ́ gbuu ni, Kábíyèsí. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ mọ́tò náà lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Jẹ́jẹ́ ló ń lọ, bí ológbò tó jẹ ẹja yó. Èmi a tilẹ̀ máa sùn nínú rẹ̀."

"Níbo lo ti ń wọ̀ ọ́?"

"Ní oríta."

"Mọ́tò ti rìn tó máìlì kan kó tó dé oríta. Ṣé ọ̀fẹ́ ló ń gbé ọ?"

Tíṣà wolẹ̀. "Ọ̀fẹ́ ni, Kábíyèsí."

"Mo gbọ́."

Ọlọ́jà ní kí Dọ̀tun ṣáná sí mọ́tò tó wà wá sí ojúde. Ó ṣáná sí i. Rúùrúù, rúùrúù, bí ẹni ń kọrin fún ìkókó. Àwọn èèyàn hó yèè.

"Bàbá, ẹ padà síbi tí ẹ ti wá!"

Èjìká Bámigbóyè wálẹ̀. Ó ti kú lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́jà dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdérí ẹnjìnì, ó yára fà á padà. "Ó gbóná. Ẹni tó yó kò lè ròyìn ebi, mọ́tò tó gbóná kò sì lè jẹ́rìí fún èyí tó tutù. Ẹ jẹ́ kó sùn síbí. Kí gbogbo yín padà wá láàárọ̀."

Ilẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ ti fún gbogbo ojúde pa. Dọ̀tun wọ mọ́tò, ó ṣáná.

Gbàà! Gbòò! Gbààààà!

Tíṣà ti wà lábẹ́ àga. Àwọn olorì tú jáde láti inú ilé, ọwọ́ lórí: "Yéè! Erin wó o!" Ọmọ ọba Gbádébọ̀, tó jókòó láàárín àwọn ìjòyè, kò mọ ìgbà tó fi ọwọ́ méjèèjì wọn orí ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dé adé.

"Gbádébọ̀," ni Ọlọ́jà wí, "mo ṣì wà níbí o."

"Eṣinṣin ni mo ń lé, Kábíyèsí."

"Nínú ọyẹ́ yìí?"

Ọlọ́jà wá gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè. "Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Bámigbóyè wà láàyè. Ṣùgbọ́n etí Àríkẹ́ ni wọ́n ti pa á, etí Àríkẹ́ náà ni wọn yóò ti jí i. Dọ̀tun, gbé Bámigbóyè sínú mọ́tò yìí, kó lọ húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà Àríkẹ́."

"Mo gbà, Kábíyèsí! Máìlì mẹ́ta péré ni." Ó ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Mú ọwọ́ kúrò! Tí o bá wà á débẹ̀, ó ti gbóná, kò ní húkọ́ mọ́. Tútù ni yóò dé Ọ̀rùn. Ọwọ́ ni ẹ ó fi tì í."

"Máìlì mẹ́ta? Òkè wà lọ́nà o, Kábíyèsí!"

"Tíṣà yóò bá ọ tì í. Ó ti gùn ún tó."

"Ẹ jẹ́ kí n wà á lọ lónìí, kó sùn sí Ọ̀rùn, kó húkọ́ lọ́la."

"Mọ́tò lè sùn síbẹ̀. Bámigbóyè ti dá sùn tó. Ọ̀la sì lọjọ́ ọjà. Bí o bá dé, dá sàlẹ́ńsà padà sípò rẹ̀. Ọjọ́ tí mọ́tò yìí bá tún kí mi káàárọ̀, wàá tì í dé Àkúrẹ́!"

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. Bámigbóyè di ọwọ́ mú sítíárì. Dọ̀tun àti Tíṣà wà lẹ́yìn, wọ́n ń tì, wọ́n ń làágùn nínú ọyẹ́. Àwa obìnrin ìlú tẹ̀ lé wọn, a dá orin sílẹ̀:

Ẹ tì í o, ẹ tì í,
Mọ́tò ló húkọ́, bàbá ò kú!
Ẹ tì í dé Ọ̀rùn,
Kí Àríkẹ́ nu ojú nù!

Ní Ọ̀rùn, wọ́n tún tilẹ̀kùn. "Àkúdàáyà ti ra mọ́tò o!" Dọ̀tun na ọwọ́ wọ inú mọ́tò. Ó ṣáná: gbàà! gbòò! gbàà!

Fèrèsé kan ṣí. Àríkẹ́ wo èéfín, ó wo Bámigbóyè tó ń húkọ́ nínú rẹ̀.

"Ṣé ohun tí mo sunkún sí nìyí?"

Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Òun ni, Mà. Ẹ dárí jì mí."

Àríkẹ́ jáde, ó rìn súnmọ́ mọ́tò, ó fún etí Bámigbóyè pọ̀ dáadáa.

"Yéè!"

"Òkú kì í ké yéè." Ó yí padà, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Bámigbóyè na ọrùn wo ilẹ̀kùn. Ṣé ó tán nìyẹn? Ilẹ̀kùn tún ṣí. Àríkẹ́ yọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó gbé e sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó jókòó ti bàbá, ó tún ìró rẹ̀ fà.

"Mà," ni Dọ̀tun wí, "ó ti ń gbóná, ó ti dákẹ́. Mo lè fi gbé yín lọ."

"Kí wọ́n má tún lọ wí níbìkan pé ẹnì kan kú." Àríkẹ́ pa ilẹ̀kùn mọ́tò. "Ẹ tì wá lọ sílé."