Ààwẹ̀ Nítorí Màmá Súsì

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nílé Díákónì Ògúndípẹ̀ ní Ìwó. Peter, akọ̀wé báńkì tó ń gbé yàrá iwájú ilé náà, ń nu eruku orí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ẹni tó wọlé bá a ni Màmá Ẹnìtàn, ìyàwó onílé, tí wọ́n gbé àga tiwọn lọ́wọ́, torí wọ́n ní àga Peter máa ń gbé àwọn mì.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé Màmá Súsì ti jí?"

Peter rẹ́rìn-ín, ó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé tó ti ṣe láìmọye ìgbà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi àwọn kásẹ́ẹ̀tì fídíò yìí ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kì í ṣe eré: ṣe ni àwọn kan gbé kámẹ́rà wọ ilé tọkọtaya kan, tí wọ́n ń ya bí wọ́n ṣe ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń jà, àti bí Súsì ọmọ wọn ṣe ń sunkún. Ó ní òun kà á nínú ìwé ìròyìn pé irú ìran bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní púpọ̀ fún ọkàn.

"Ó máa ń gbé ẹrù kúrò láyà èèyàn, mà. Ẹ ó rí i pé ẹlòmíràn náà ní wàhálà tiẹ̀, ara á wá fúyẹ́."

"Òótọ́ ni. Ara mi ti fúyẹ́. Búbà yìí ò bá mi mu mọ́."

"Ti búbà kọ́ ni mò ń wí, mà."

"Òun lèmi ń wí. Ààwẹ̀ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

"Ti Màmá Súsì."

Peter ju àkísà tó fi ń nu eruku sílẹ̀.

"Ẹ̀ ń gbààwẹ̀ fún Màmá Súsì?"

"Èmi nìkan kọ́. Mo gbé e dé ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Mo ní arábìnrin wa kan wà lókè òkun tí ọkọ ẹ̀ ń kó ẹrù jáde nílé. Àwọn obìnrin ìjọ sunkún. Ìyá Àyànbádéjọ pàápàá, tí kò sunkún nígbà ìsìnkú ọkọ ẹ̀, ó sunkún."

"Ẹ sọ fún wọn pé inú fídíò ni?"

"Inú Lọ́ńdọ̀nù ni. Ìwọ lo sọ pé kì í ṣe eré."

Peter jókòó sórí àga rẹ̀. Ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun là á yé wọn dáadáa, bí òun ṣe máa ń là á yé àwọn oníbàárà ní báńkì.

"Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí ti ṣẹlẹ̀ tán, mà. Èṣí ni wọ́n yà á. Bí gbogbo Ìwó bá gbààwẹ̀ títí dé Olúpọ̀nnà, ibi tó parí sí náà ló parí sí."

"Ọlọ́run ńkọ́? Ṣé Ó mọ̀ léṣìí pé èmi yóò gbàdúrà lọ́dún yìí, àbí kò mọ̀?"

"Ó mọ̀, mà."

"Ó dáa. Ó ti lè gbọ́ ọ sílẹ̀ nígbà náà. Fi kásẹ́ẹ̀tì sí i."

Peter fi í sí i, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti wò tẹ́lẹ̀ ló fi sí i, ó fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá Súsì fara hàn, ó ń ti ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú àpótí. Màmá Súsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu imú. Màmá Ẹnìtàn fà sún mọ́ ọn títí tí orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí.

"Ẹni tó gbé kámẹ́rà yìí dání, ṣé inú yàrá yẹn náà ló wà?"

"Inú ibẹ̀ ni, mà."

"Kò sọ pé kí wọ́n ṣe sùúrù?"

"Iṣẹ́ ẹ̀ kọ́. Tiẹ̀ ni kó máa yà á."

"Kò di àpótí mú?"

"Kámẹ́rà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, mà."

"Lọ́wọ́ méjèèjì?"

"Ó wúwo, mà."

Màmá mirí títí. Wọ́n ní ẹni tó bá dúró báyìí láàárín tọkọtaya ní Ìwó, tí kò wí nǹkan kan, àwọn méjèèjì yóò fi ìjà tiwọn sílẹ̀, wọn yóò dojú kọ ọ́.

"Pítà, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ. Mo béèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní bí Bàbá Súsì bá padà sílé, n óò mọ̀ pé kí èmi náà lọ sí Kuta."

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọ̀rọ̀ Kuta. Lọ́jọ́ ìkórè, Díákónì Ògúndípẹ̀, ọkọ Màmá, dìde láti gbàdúrà sórí iṣu àti àgbàdo tí wọ́n kó wá síwájú pẹpẹ. Àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Édẹ́nì, ó gba ọ̀dọ̀ ìjọba ológun kọjá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà sọ́dọ̀ òjò ni Màmá bá wí láti ìjókòó wọn pé, "Àmín." Gbogbo ìjọ gba àmín náà bí ẹni tó ń rì ṣe ń gba okùn. Atẹdùùrù ti tẹ dùùrù. Díákónì la ojú, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá kó ẹrù lọ sí oko wọn ní Kuta, wọ́n ní àwọn ò lè bá obìnrin tó pa ilẹ̀kùn mọ́ àwọn lójú Ẹlẹ́dàá gbé.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti di ará ilé Peter. Láyọ̀, àfẹ́sọ́nà Peter, wá kí i lẹ́ẹ̀kan. Màmá gbà á níyànjú nípa ìgbéyàwó títí ilẹ̀ fi ṣú, Láyọ̀ kò sì tíì padà wá. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ kí bàbá padà bọ̀ láti Kuta bíi Peter.

"O ti wo kásẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn yẹn," ni Màmá wí.

"Díẹ̀, mà."

"Ṣé ọkọ ẹ̀ padà?"

Peter wo òkè àjà. Irọ́ kan ṣoṣo ni, irọ́ tí yóò tún ilé méjì ṣe.

"Ó padà, mà."

Màmá di ojú, ètè wọn ń mì. Wọ́n la ojú.

"Fi í sí i, kí n fojú ara mi rí i. Lọ́la ni n óò jẹ́rìí."

"Ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́, mà."

"Níbo ló ti jẹ ẹ́?"

"Ibi tó ti ń wọlé gan-an."

Màmá mú kásẹ́ẹ̀tì náà lórí tábìlì. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Kò sí ohun tó ṣe é.

"Pítà, èmi ni mo di aṣọ ìnura mú fún ọ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ọ́ bọmi."

Peter wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Kò padà, mà. Wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀."

Màmá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ohùn wọn wálẹ̀.

"Àdúrà ti ara mi ni mi ò lè gbà. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, tí mo dé orí ọ̀rọ̀ bàbá, ahọ́n mi á wúwo. Mo ní bóyá Ọlọ́run náà ń bínú sí àmín yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ gbé ti òyìnbó lọ, kí n wò ó bóyá Ó ṣì ń gbọ́ mi."

"Ó ń gbọ́ yín, mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé o ti wo kásẹ́ẹ̀tì Tiẹ̀ náà ni?"

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá Súsì ń gbé àpótí sọ̀kalẹ̀.

"Lẹ́yìn tí ọkọ lọ," ni Màmá wí, "kí ni ìyàwó ṣe?"

"Ó jókòó ti fèrèsé, mà. Ó ní ọkọ ni kó wá bẹ òun."

"Kò lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Kò lọ."

"Kò sẹ́ni tó fà á lọ́wọ́ pé ó yá, jẹ́ ká lọ?"

"Kámẹ́rà nìkan ló wà níbẹ̀."

Màmá dìde. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n gbé àga wọn, wọ́n gbé e ti ògiri.

"Mò ń lọ sí Kuta."

Inú Peter dùn, ó fò dìde. Ó ní, "Ẹ rí i, mà. Àǹfààní tí mo ti ń wí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ẹni tó bá ń wo ìgbé ayé ẹlòmíràn á rí tiẹ̀ bí ẹni wo dígí, ọkàn ẹ̀ á ṣí, òye ẹ̀ á sì..."

"Àmín," ni Màmá wí.

Peter pa ẹnu dé.

"Lọ wọ aṣọ."

"Èmi, mà?"

"Lọ́jọ́ tí bàbá ń kó ẹrù, ta ló dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé yìí tó ń jẹ ẹ̀pà?"

Peter wo fèrèsé. Ó wo aṣọ tó ta sí i.

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé ni, mà."

"Ẹ̀pà náà wúwo. Ó gba ọwọ́ méjèèjì." Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń juwọ́ sí ọlọ́kadà. "Bí a bá débẹ̀, ìwọ lo máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, èmi á kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ìbáà gbà á di àárọ̀ ọ̀la, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣàmín nínú wa."

Peter wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ sílẹ̀ de Láyọ̀.

"Nínú iyẹ̀pẹ̀, mà? Gbogbo ará Kuta ni yóò máa wò mí."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́, ọmọ mi. Ó ní àǹfààní púpọ̀ fún ọkàn."